Iṣẹ́ Ọwọ́ Olówó Pọ́ọ́kú fún Ilé, fún Ọmọdé àti fún Àsìkò Ọdún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí yóò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra irinṣẹ́ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè ti wà nílé kí a tó bẹ̀rẹ̀: ìwé ìròyìn tí a ti kà tán, páálí, fùláwà, iyọ̀, agolo òfìfo àti aṣọ tí ó ti gbó. Ohun tí kò sí lórí igbá níbẹ̀ ni àkókò tí nǹkan yóò fi gbẹ. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá wọ́, bí ó bá sán, tàbí bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ pé ohun èlò rẹ̀ ni kò dára. Omi tí a kò dúró dè kí ó kúrò nínú rẹ̀ tán ni ó sábà máa ń fà á. Nítorí náà, bí mo ti ń sọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni n ó máa sọ bí a ṣe ń sá a, àti bí a ṣe lè mọ̀ pé ó ti gbẹ ní tòótọ́.

Irinṣẹ́ tí ó yẹ kí ó wà ní ìkáwọ́ kò pọ̀. Sísọ́ọ̀sì kan tí ó mú, rúlà, pẹ́ńsùlù, búrọ́ọ̀ṣì méjì, ọ̀dà funfun àti ọ̀dà aláwọ̀ mélòó kan, pẹ̀lú fáníìṣì tí ó jẹ́ olómi, ti tó. Bí owó bá wà fún ẹyọ kan péré, sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ ná an lé lórí, nítorí pé èyí tí kò mú a máa fa bébà ya, ó sì máa ń mú kí ọmọdé rò pé òun ni kò mọ iṣẹ́ ṣe.

Àtè fùláwà

Gọ́ọ̀mù inú ìgò dára fún iṣẹ́ kéékèèké, ṣùgbọ́n abọ́ bébà kan ṣoṣo lè mu odindi ìgò tán, kò sì sí ìdí tí a ó fi ná irú owó bẹ́ẹ̀ níbi tí àtè fùláwà bá ti lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ bu ìlàjì ife fùláwà sínú abọ́, kí ẹ fi ìlàjì ife omi tútù pò ó títí tí kò fi ní sí kókó kankan nínú rẹ̀. Ẹ gbé ife omi méjì ka iná. Nígbà tí ó bá hó, ẹ máa da fùláwà tí ẹ ti pò náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó láì dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, títí yóò fi ki tí yóò sì máa dán. Ẹ fi ṣíbí iyọ̀ kan sí i kí ó má baà tètè bu, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù kí ọmọ tó fi ọwọ́ kàn án.

Omi tútù ni a fi ń pò ó ṣáájú nítorí pé bí fùláwà gbígbẹ bá bọ́ sínú omi gbígbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti jinná kí omi tó dé inú, kókó ni yóò sì dà. Ooru ni ó ń sọ ọ́ di àtè: nígbà tí omi bá gbóná kọjá nǹkan bí 60 °C, àwọn horo kéékèèké inú fùláwà yóò mu omi, wọn yóò wú, wọn yóò sì di ohun tí ń lẹ̀. Àwọn kan máa ń po fùláwà mọ́ omi tútù lásán láì sè é. Ìyẹn náà ń lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mú bébà gírígírí bí èyí tí a sè. Àtè tí a sè lè lo ọjọ́ mélòó kan nínú fíríìjì. Bí òórùn rẹ̀ bá ti yí padà, ẹ dà á nù.

Abọ́ bébà

Iṣẹ́ yìí ni mo máa ń gba àwọn olùbẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé ẹni tí ó bá ti mọ abọ́ bébà ṣe lè fi ìmọ̀ náà ṣe ìbòjú eré, fìtílà àfọwọ́ṣe, ẹranko ìṣeré àti ohun ọ̀ṣọ́ àsokọ́. Ohun tí a nílò ni fèrè aláfẹ́fẹ́ kan, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fi ẹnu fẹ́, ìwé ìròyìn, àti àtè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè tán yìí.

Ẹ fẹ́ fèrè náà títí yóò fi tóbi tó bí ẹ ti fẹ́ kí ẹnu abọ́ náà fẹ̀ tó, ẹ so ó, kí ẹ sì gbé e jókòó sórí ife tàbí abọ́ kékeré kan, kí ìdí rẹ̀ tí ó rí roboto kọjú sókè, kí ibi tí a ti so ó wà nísàlẹ̀. Ìdí yìí ni yóò di ìsàlẹ̀ abọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìwé ìròyìn ya sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, tí gígùn rẹ̀ sì tó 10 sí 15. Yíya ni kí ẹ ya á, ẹ má ṣe fi sísọ́ọ̀sì gé e, nítorí pé etí bébà tí a fi ọwọ́ ya a máa ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ tí ń wọnú ara wọn bí ó bá ti mu àtè, ṣùgbọ́n etí tí a gé máa ń fi ojú ilà sílẹ̀ tí ọ̀dà kò ní lè bò. Ẹ ó rí i pé ìwé ìròyìn ń ya gbọọrọ láti apá kan, ó sì ń ya wọ́gọwọ̀gọ láti apá kejì. Bí fọ́nrán rẹ̀ ṣe tò nígbà tí wọ́n ń ṣe bébà náà ni ó fà á, nítorí náà ẹ dán apá méjèèjì wò kí ẹ tó ya púpọ̀.

Ẹ ti bébà kọ̀ọ̀kan bọ inú àtè, ẹ fi ìka méjì ha àtè tí ó pọ̀jù kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí fèrè náà, kí ìkan máa gun èkejì létí díẹ̀. Híha yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ: gbogbo àtè tí a bá fi sílẹ̀ lórí bébà, omi ni, omi náà ni a ó sì tún máa retí kí ó gbẹ. Bí ìpele kìíní bá lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí ìpele kejì gba ẹ̀gbẹ́ yí i ká, kí abọ́ náà lè lágbára níhà gbogbo. Kí ẹ má baà ṣì í mọ̀, ẹ lo bébà tí kò ní òǹtẹ̀ lára fún ìpele kejì, kí ẹ lè fi ojú rí ibi tí ẹ kò tíì bò.

Ẹ má ṣe lẹ ju ìpele méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún nǹkan bí wákàtí 24, kí ẹ tó lẹ méjì mìíràn, nítorí pé bí ìpele mẹ́fà bá tutù papọ̀, òde yóò gbẹ, yóò sì há omi mọ́ inú, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa bu. Ìpele mẹ́rin tó fún ohun ọ̀ṣọ́ àsokọ́. Abọ́ tí a ó máa fi nǹkan sí nílò mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́ ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ojú oòrùn gangan. Afẹ́fẹ́ inú fèrè a máa wú bí ooru bá mú un, a sì máa sún kì bí òtútù bá mú un, bébà tútù tí ó wà lórí rẹ̀ a sì máa bá a wú tàbí kí ó bá a sún kì títí yóò fi sán tàbí tí yóò fi hun jọ.

Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tí omi ṣì ń kúrò lára rẹ̀ a máa tutù ju yàrá lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a sì tètè mọ̀ ọ́n ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ tún fi èékánná kàn án: èyí tí ó gbẹ yóò dún kókókó, èyí tí kò gbẹ yóò dún bòmù. Bí ẹ̀rí méjèèjì bá bára mu, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún fèrè náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti so ó, níbi tí rọ́bà rẹ̀ kò ti le, kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀, kí ó má fa ara abọ́ wọlé lójijì. Ẹ kó gbogbo àfọ́kù rọ́bà náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ẹnu abọ́ náà kí ó dọ́gba, ẹ lẹ bébà kéékèèké yí ẹnu náà ká, ẹ sì kun odindi rẹ̀ ní ọ̀dà funfun kí ẹ tó fi àwọ̀ mìíràn sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yíǹkì ìwé ìròyìn yóò yọ lábẹ́ àwọ̀ tí kò bá ṣú. Fáníìṣì ló kẹ́yìn. Abọ́ yìí wà fún kọ́kọ́rọ́, bọ́tìnnì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀; kì í ṣe fún omi, kì í sì í ṣe fún oúnjẹ.

Àmọ̀ iyọ̀

Ife fùláwà méjì, ife iyọ̀ kan àti omi tí kò tó ife kan: ohun tí a fi ń po àmọ̀ iyọ̀ nìyẹn, a sì lè fi mọ ìràwọ̀, ẹyẹ, lẹ́tà orúkọ, tàbí kí a fi gba àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ pamọ́. Fùláwà lásán ni kí ẹ lò. Èyí tí wọ́n ti po ohun tí ń mú nǹkan wú mọ́ yóò lé iṣẹ́ yín jáde bí ìgbà tí òkú bá wú. Kí iyọ̀ náà kúnná, nítorí pé horo iyọ̀ ńláńlá a máa hàn lójú iṣẹ́ bí ó bá gbẹ.

Ẹ po fùláwà àti iyọ̀ papọ̀ ní gbígbẹ, kí ẹ wá máa da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife, kí ẹ sì fi ìyókù kún un bí ó bá ṣì ń rún. Ẹ gún un mọ́ ọwọ́ fún bí ìṣẹ́jú 10, títí yóò fi dán tí kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Bí ọmọ bá ní egbò tàbí ibi tí ó bó lọ́wọ́, ẹ fún un ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà, nítorí pé iyọ̀ yóò ta á gidigidi. Ẹ fi ìgò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí bébà, kí ó nípọn tó mìlímítà 5 tàbí 6. Kí gbogbo rẹ̀ nípọn bákan náà, nítorí pé ibi tí ó fẹ́lẹ́ yóò ti gbẹ tán kí ibi tí ó ki tó bẹ̀rẹ̀, fífà tí wọ́n sì ń fa ara wọn mọ́ra yìí ni ó ń fa sísán. Ẹ fi ẹnu ife tàbí ọ̀bẹ tí kò mú gé àwòrán tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fi sítírọ́ọ̀ lu ihò tí okùn yóò gbà kọjá ní ìgbà tí ó ṣì rọ̀, kí ihò náà jìnnà sí etí tó mìlímítà 5 ó kéré tán.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà gbẹ omi rẹ̀. Èyí tí ó yá ni inú ófùnù ní 100 °C fún wákàtí 2 sí 3, tí a ó máa yí i lójú dé láàárín rẹ̀. Ẹ má ṣe torí ìkánjú mú iná náà ròkè, nítorí pé omi inú rẹ̀ yóò di ooru omi, yóò gbé ojú rẹ̀ wú, yóò sì sọ ọ́ di aláwọ̀ búrẹ́dì. Ọ̀nà kejì ni kí a tẹ́ ẹ sórí ohun tí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, kí a sì máa yí i padà lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Èyí lọ́ra, ṣùgbọ́n kò ná iná, kì í sì í yí àwọ̀ iṣẹ́ padà. Lẹ́yìn tí ẹ bá kùn ún tán, ẹ fi fáníìṣì bo iwájú, ẹ̀yìn, etí àti inú ihò rẹ̀ pàápàá. Iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ibi kékeré tí a bá gbàgbé ni yóò sì gbà wọlé, iṣẹ́ tí ó le koko lónìí yóò wá rọ̀ nígbà tí ó bá yá. Ìkìlọ̀ kan tún kù: bí ajá bá wà nílé, ẹ gbé e sí ibi tí ẹnu rẹ̀ kò ti ní tó o, nítorí pé iyọ̀ tí ó wà nínú àmọ̀ yìí tó láti ṣe ajá léṣe, ìbáà gbẹ, ìbáà tutù.

Ìràwọ̀ àti ẹ̀wọ̀n bébà

Bébà A4 gùn ní mìlímítà 297, ó sì fẹ̀ ní 210. Bí ẹ bá ṣẹ́ igun rẹ̀ kan wá bá etí kejì, kí ẹ gé èyí tí ó ṣẹ́kù, ẹ ó ní bébà onígun mẹ́rin ọgbọọgba, àti àgékù tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 87 tí ó sì gùn ní 210. Ẹ má ṣe ju àgékù náà nù: bí ẹ bá pín in sí mẹ́rin ní òòró, ó ti di ẹ̀ka ẹ̀wọ̀n mẹ́rin tí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 ó lé díẹ̀. Bébà kan wá fún wa ní ìràwọ̀ kan àti ẹ̀ka mẹ́rin. Ẹ yí ẹ̀ka kan ká, ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ẹ ti èkejì bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó lẹ ìyẹn náà, kí ẹ sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí ó gùn ní mítà 3 yóò gba nǹkan bí ẹ̀ka 50, nítorí náà ẹ ka iye ìràwọ̀ tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ lè mọ̀ bóyá àgékù wọn yóò tó.

Fún ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà, ẹ ṣẹ́ bébà ọgbọọgba náà láti igun sí igun kí ó di onígun mẹ́ta. Ẹ fi àmì sí àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó gùn jù. Láti ojú àmì yìí, ẹ ṣẹ́ apá ọ̀tún wá sórí àárín, kí ẹ ṣẹ́ apá òsì lé e lórí, kí àwọn ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba gẹ́lẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń tàsé. Ẹ má tẹ ojú ìṣẹ́po náà mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé etí kọ̀ọ̀kan bá ojú ìṣẹ́po ẹnìkejì rẹ̀ mu. Ẹ wá ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì di ìpele 12. Bí ẹ bá gé orí rẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀, ẹnu ìràwọ̀ ni ẹ gé yẹn. Bí ẹ bá sì gé àwòrán kéékèèké sí etí rẹ̀ méjèèjì, ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹ kò gé etí kan tán láti òkè délẹ̀, nítorí pé etí tí a bá gé tán ni yóò mú kí ìràwọ̀ náà já sí wẹ́wẹ́ bí a bá tú u. Bébà ìkọ̀wé lásán ni ó dára jù fún èyí. Bébà tí ó ki kò ní ṣeé gé ní ìpele 12. Bí ẹ bá tú u tán, ẹ fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè tẹ́.

Fìtílà agolo àti ẹní aṣọ gbígbó

Bí a bá fi ìṣó lu agolo òfìfo, ńṣe ni yóò tẹ̀ wọnú. Ẹ pọn omi sínú rẹ̀, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ lókè nítorí pé omi a máa fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 pọ̀ sí i bí ó bá di yìnyín, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì. Yìnyín ni yóò dúró lẹ́yìn agolo nígbà tí òòlù bá ń bọ̀. Ẹ ya àwòrán sí bébà, ẹ fi yí agolo náà ká, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura tí a ká, kí ẹ sì máa fi ìṣó àti òòlù lu ihò tẹ̀lé àwòrán náà, kí ihò kan fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1 jìnnà sí èkejì. Bí yìnyín bá ti yọ́, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀ kí ó má dípẹtà. Iná kékeré oníbátìrì ni mo fara mọ́ fún inú rẹ̀ ju àbẹ́là lọ, pàápàá níbi tí ọmọdé àti ẹ̀wọ̀n bébà bá wà, kí ilé bátìrì náà sì jẹ́ èyí tí a fi síkúrù dè pinpin, nítorí pé bátìrì pẹlẹbẹ kékeré tí ọmọ bá gbé mì lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan.

Ní ti aṣọ, ẹ gé tí-ṣẹ́ẹ̀tì òwú láti abẹ́ apá dé ìsàlẹ̀ sí ọ̀já tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ fà á le kí etí rẹ̀ lè ká wọnú. Ẹ dì í ní ìpẹ́ mẹ́ta bí ẹni ń di irun, ẹ ká a roboto, kí ẹ sì máa fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an mọ́ ara rẹ̀ bí ẹ ti ń ká a. Dídì a máa jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ọ̀já náà, nítorí náà ẹ gé e jù bí ẹ ti rò lọ. Bí ẹ ó bá máa gbé ìkòkò gbígbóná lé e, kí ó jẹ́ òwú pátápátá. Aṣọ tí ó ní rọ́bà nínú a máa yọ́.

Ipa ti àwọn ọmọ

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lè ya bébà, ó sì lè gún àmọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun tí ó bá lè gba inú páálí tí a ń ká ìwé ìnùdí lé kọjá wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Fèrè aláfẹ́fẹ́ àti àfọ́kù rẹ̀ léwu fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, àgbàlagbà ni kí ó fẹ́ ẹ, òun náà ni kí ó fọ́ ọ. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ọmọ lè lo sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kò ṣóńṣó. Ẹ̀wọ̀n bébà ni iṣẹ́ tí ó bá a mu jù, nítorí pé èrè rẹ̀ ń hàn lójú ẹsẹ̀. Òòlù àti ìṣó di ẹ̀yìn ọ̀la. Bí ọmọ bá fi ọ̀dà kun iṣẹ́ rẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí àgbà bá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí ó ti lọ sùn kì í sábà tún padà sí ìdí tábìlì náà.

Kíka ọjọ́ ṣáájú ọdún

Láti ọjọ́ ọdún ni kí ẹ ti máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Abọ́ bébà àti àmọ̀ iyọ̀ yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí kíkùn wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì sí ọdún, kí fáníìṣì sì ní ọjọ́ méjì ó kéré tán láti gbẹ kí a tó so wọ́n kọ́. Fìtílà àti ẹní aṣọ lè bọ́ sí ìgbàkígbà láàárín rẹ̀. Ìràwọ̀ àti ẹ̀wọ̀n ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn, nítorí pé wọn kò béèrè ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, eruku a sì máa tètè bà wọ́n jẹ́.

Nígbà tí ọdún bá kọjá, ẹ tẹ́ ìràwọ̀ bébà sáàárín ìwé ńlá, kí ẹ sì ká ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sínú àpótí láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àmọ̀ iyọ̀ ni ó fẹ́ ìtọ́jú jù: ẹ fi bébà gbígbẹ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n sínú agolo tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì gbé e sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ọ̀rinrin ń gbà wọlé. Bí ẹ bá tú u ní ọdún tí ń bọ̀ tí ẹ rí i pé ọ̀kan ti rọ̀, ẹ fi sí inú ófùnù tí kò gbóná ju 100 °C lọ fún nǹkan bí wákàtí kan, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ sì tún fi fáníìṣì kùn ún lójú àti lẹ́yìn.